Adágún Odò Ọ̀yán

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá ń wá ibi tí wọn yóò tẹ ìlú dó sí, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, níbo ni omi wà? Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti wù kí ó lọ́ràá tó, bí ẹran igbó ti wù kí ó pọ̀ níbẹ̀ tó, bí kò bá sí omi nítòsí, wọn yóò gbé ẹrù wọn rù, wọn yóò sì máa bá ọ̀nà wọn lọ. Ní ìgbà náà, kò sí ọmọ tí kò mọ orísun omi tí wọ́n ń mu nínú ilé bàbá rẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni í gbé ìkòkò lérí lọ sí odò ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí oòrùn tó yọ. Lóde òní, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Nínú ìlú ńlá bí Èkó, ọmọ lè dàgbà títí yóò fi pé ogún ọdún láì mọ ibi tí omi inú ife rẹ̀ ti wá. Ó mọ ẹnu ẹ̀rọ, ó mọ ọmọlanke mẹ́rúwà, ó sì mọ omi inú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé níbo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, yóò kàn máa wo ojú yín ni. Omi ìlú ní ilé tirẹ̀ tí ó jìnnà, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń san nínú iye rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń mu ún. Ọ̀rọ̀ nípa wọn ni mo fẹ́ sọ.

Ìkòsì ni mò ń gbé, ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, níbi tí kò jìnnà sí Kétu àti sí ọjà Máìlì 12. Kò sí ẹni tí ó mọ Èkó tí kò mọ ọjà náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń já tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu tí wọ́n ti òkè ọya kó wá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń ná ọjà náà ni kò kíyè sí i pé odò ńlá kan ń ṣàn kọjá nítòsí wọn. Odò Ògùn ni. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe Ògún, òrìṣà onírin. Yemọja ni àwọn àgbà gbà pé ó ni odò yìí. Láti apá Ṣakí ni ó ti ṣàn wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìṣẹri, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Kétu àti Àgbóyí lọ dà sínú ọ̀sà Èkó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Bí a bá gbọ́ òwe yìí ní àdúgbò wa, ó lè pa wá lẹ́rìn-ín. Ní Àjẹgúnlẹ̀ tí ó wà ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́yìn Máìlì 12, odò náà sún mọ́ ilé àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rí i láti ojú fèrèsé. Síbẹ̀, mẹ́rúwà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró dè, kí ó ti kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ dé kí wọ́n tó lè se oúnjẹ. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ láti pọn omi odò. Ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ọ̀nà jíjìn ni odò náà ń kó bọ̀, ẹni tí ó bá sì mu ún bẹ́ẹ̀ yóò mu àìsàn mọ́ ọn. Omi Odò Ògùn tí ìlú lè mu, a ti fà á jáde kí odò náà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Akútẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n ti ń fà á. Láti ibẹ̀ ni páìpù ńláńlá ti ń gbé e lọ sí Ìjù àti sí Àdìyán. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí ẹrẹ̀ lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀, wọn yóò gba inú iyanrìn sẹ́ ẹ, wọn yóò sì fi oògùn tí ń pa kòkòrò sí i kí wọ́n tó tì í sínú páìpù tí ń lọ sí ìgboro. Ti Àdìyán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1991, ni wọ́n kọ́ kí ó lè mú gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 jáde lójoojúmọ́. Ti Ìjù ni ó pẹ́ jù. Nǹkan bí ọdún 1910 ni ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá ni ìjà ti dé. Ní ọdún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, nítorí pé àwọn ará Èkó kò fẹ́ kí a gbé owó omi lé wọn lórí. Ìbéèrè wọn kò ṣòro láti lóye: ta ni yóò san owó omi yìí, ta ni yóò sì mu ún? Ìbéèrè náà kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀ nípa ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì dé, Odò Ògùn a máa fà, iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa hàn ní ibi púpọ̀. Bí a bá fi odò náà sílẹ̀ bí Ọlọ́run ti dá a, ẹ̀rọ tí ń fa omi lè fà á títí kí ó má rí omi tó láti fà, ní àkókò tí òùngbẹ ń gbẹ ìlú jù lọ. Nítorí èyí ni ìjọba fi ronú láti tọ́jú omi òjò pamọ́ dè ẹ̀ẹ̀rùn, bí àgbẹ̀ ti í tọ́jú iṣu sínú àká. Odò Ọ̀yán, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ odò tí ń ṣàn sínú Odò Ògùn, ni wọ́n yàn. Wọ́n mọ odi ńlá kan dí i lọ́nà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní dáàmù, ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1983, ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àwọn odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti àdúgbò wa lọ wo adágún náà ní àkókò ìsinmi kan. Nígbà tí a jáde kúrò ní Abẹ́òkúta, igbó kékeré àti oko ẹ̀gẹ́ ni ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì wa, kò sì sí ohun tí ó fi hàn pé omi wà nítòsí. Lójijì, bí a ti gun orí odi náà, adágún náà tẹ́ rẹrẹ níwájú wa, ojú kò sì rí òpin rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ lórí rẹ̀, oòrùn ń tàn sí i, àwọn ọkọ̀ apẹja sì dà bí ìdajì èèpo ẹ̀pà tí ó léfòó lórí omi. Àwọn ọmọ náà tí wọ́n ti ń pariwo láti Èkó wá panu mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ṣé omi tí a ń mu náà ni gbogbo èyí?”

Odi náà gùn ju mítà 1,000 lọ, ó sì ga tó mítà 30. Nígbà tí adágún bá kún, ilẹ̀ tí omi bò tó 4,000 hẹ́kítà, omi tí ó sì lè gbà tó mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta. Kí iye yìí lè yé wa, ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rúwà tí ó gba lítà 25. Ogójì irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ ni yóò gba omi mítà kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù 270 náà. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí ó lè pèsè iná mànàmáná tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà láì ṣiṣẹ́. Lára odi ni àwọn ilẹ̀kùn irin ńláńlá wà. Bí wọ́n bá ṣí wọn díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi yóò ṣàn wọ inú Odò Ògùn, yóò sì dé ibi tí Abẹ́òkúta àti Èkó ti ń fà á.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, a sì bá bàbá arúgbó kan tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

Ó gbójú sókè, ó ní, “Hòo, ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé láti Èkó ni ẹ ti wá?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí fẹ́ mọ ibi tí omi tí wọ́n ń mu ti ń wá.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Háà! Ẹ̀yin ni a ń bá tọ́jú rẹ̀ nìyẹn.” Ó wá na ọwọ́ sí ọkọ̀ kékeré kan tí ó wà láàrin adágún. “Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ yẹn wà. Oko bàbá mi ni ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, a kó ohun tí a lè kó, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún omi. Ìgbà tí kò sí oko mọ́ ni èmi di apẹja.”

Ọmọbìnrin kan bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Bàbá àgbà, ṣé omi ẹ̀rọ ń dé abúlé tiyín?”

Ó dáhùn pé, “Omi ẹ̀rọ kẹ̀, ọmọ mi? Inú èyí tí ẹ ń wò yìí náà ni a ti ń pọn.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Abúlé púpọ̀ ni ó ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ nítorí adágún náà, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí rẹ̀: Apójọlá, Abúlé Titun, Ìbaró àti àwọn mìíràn. Wọ́n rí ẹja pa, epìyà àti àrọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí àìsàn pẹ̀lú. Omi tí kò ṣàn ni àwọn ìgbín kéékèèké kan fẹ́ràn, inú wọn sì ni kòkòrò àtọ̀sí àjà ti ń dàgbà. Bí ènìyàn bá wọ inú irú omi bẹ́ẹ̀ láti wẹ̀, láti fọṣọ tàbí láti pẹja, kòkòrò náà yóò gba awọ ara rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ yóò sì máa tọ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí adágún náà kún, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n yẹ àwọn ará abúlé wọ̀nyí wò rí i pé àìsàn náà ti gbilẹ̀ láàrin wọn, pàápàá láàrin àwọn ọmọdé. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáradára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo oògùn lónìí tí ó sì padà wọ inú omi kan náà lọ́la tún lè kó o.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ilé wọn wà ní Àjẹgúnlẹ̀ bi ọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ odi náà ní ìbéèrè kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ni kò jẹ́ kí a fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ nínú adágún kí òjò ńlá tó dé, kí omi má baà kún lé àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò lórí?” Ọkùnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé, “Ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí a sùn lóru nìyẹn. Bí mo bá tú omi sílẹ̀ jù, tí òjò kò sì rọ̀ mọ́, kí ni Èkó yóò mu ní ẹ̀ẹ̀rùn? Bí mo bá sì pa á mọ́ jù, tí òjò ńlá dé, odi náà kò gbọdọ̀ wó, n ó ní láti ṣí ilẹ̀kùn.”

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Iṣẹ́ méjì ni a gbé lé adágún kan ṣoṣo lọ́wọ́, àwọn iṣẹ́ méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ń fẹ́ kí ó kún; ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní etí odò ń fẹ́ kí ó fà. Kì í ṣe ní Ọ̀yán nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023, nígbà tí omi pọ̀ jù lẹ́yìn odi Akosombo ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n ní láti ṣí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ Odò Volta sì di aláìnílé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, odi Alau tí ó wà nítòsí Maiduguri já, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà, ó pa ènìyàn, ó sì lé ọ̀pọ̀ jáde kúrò nínú ilé wọn. Ara ohun tí a ṣe é fún ni pé kí ìlú náà lè rí omi mu. Odi tí a kò bá ṣí ní àkókò, tàbí tí a kò bá tún ṣe nígbà tí ó yẹ, lè mú ohun tí ó burú ju òùngbẹ lọ wá.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, oṣù Ọ̀wàrà ni a máa ń bẹ̀rù. Ní oṣù náà ní ọdún 2010, òjò tí ó pọ̀ àti omi tí a tú sílẹ̀ láti inú adágún pàdé nínú Odò Ògùn, omi sì wọ ilé ní Àjẹgúnlẹ̀, ní Agílítì, ní Ìtowólò àti ní Òwódé Onírin. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Láti ìgbà náà, omi ti padà wá ní ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ ìyá kan níbẹ̀ tí ó fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ga, tí ó sì so àpò ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ sára àjà. Omi yí i ká ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ó fi ń lọ ra kẹ́ẹ̀gì omi tí yóò mu. Bí mo bá rántí bàbá apẹja nì, mo máa ń rò pé bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ wọn yóò yé ara wọn. Omi kan náà ni ó gba oko lọ́wọ́ ọ̀kan ní òkè, tí ó sì ń gba yàrá lọ́wọ́ èkejì ní ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe odi nìkan ni ó yẹ kí a bá wí. Àwọn àgbà wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ó wà ní etí Odò Ògùn ni omi máa ń tẹ́ sí nígbà tí ó bá kún, kí ó tó rọra wọ inú ọ̀sà lọ. Iyanrìn ni a ń dà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń kọ́lé sórí rẹ̀. Ojú gọ́tà tí ó yẹ kí ó gbé omi lọ, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọjà ni a ń kó dí i. Nígbà tí omi bá sì dé, tí kò rí ibi gbà, inú yàrá ni yóò gbà.

Bí mo bá ń gbọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, létí tèmi, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń wí pé, “Kò sí ọ̀fẹ́.” Bí omi ti rí gan-an nìyẹn. Owó tí a fún mẹ́rúwà, tàbí èyí tí a san fún omi ẹ̀rọ, kéré nínú iye rẹ̀. Àwọn ará etí Ọ̀yán ti fi oko àti ìlera wọn san nínú rẹ̀, àwọn ará etí odò ní Kòsọ́fẹ́ sì ń fi ilé wọn san ní ọdọọdún tí omi bá kún. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí àwa tí a ń mu ún san tiwa. Kí ìlú tí ń mu omi Ọ̀yán rí i pé omi mímọ́ àti oògùn dé abúlé tí ó wà ní etí rẹ̀. Kí a máa sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú bí a bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹni tí ó bá sì gbọ́ ìkìlọ̀ má ṣe fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kí a fi ọ̀nà omi sílẹ̀ fún omi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó di onímọ̀ ẹ̀rọ, dókítà, aṣòfin àti onílé ní ọjọ́ iwájú. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí ààyè bá gbà yín, ẹ bẹ àwọn olùkọ́ yín kí wọ́n mú yín lọ wo adágún tí ìlú yín ti ń mu omi, ìbáà ṣe Ọ̀yán, ìbáà ṣe Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣéjìre tí àwọn ará Ìbàdàn ń lò. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe wo ẹwà omi náà nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ibi tí omi náà ń lọ bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn.